Ọjọ́ Tí Màmá Àgbà Tú Igi Bàbá Mi

Bí mo bá rántí ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ohùn rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó rí i. Àjà kẹfà la wà ní Wilhelmsburg, erékùṣù tí odò Elbe yí ká ní Hamburg, nínú ilé gíga aláwọ̀ eérú kan tí líìfùtì rẹ̀ máa ń kérora kó tó dúró. Láàárọ̀, Heizung, ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, á kọ́kọ́ máa kan kọ̀, kọ̀, kọ̀ lára ògiri kí ó tó gbóná. Lẹ́yìn náà ni ìró S-Bahn, ọkọ̀ ojú irin ìlú, tó ń gba orí afárá kọjá, lẹ́yìn náà fèrè ọkọ̀ ojú omi láti èbúté, lẹ́yìn náà ni bàbá mi á wá wúkọ́ lórí balikóní. Ikọ́ yẹn kì í ṣe ikọ́ àìsàn. Wọ́n ń wúkọ́ kí àwọn igi wọn lè mọ̀ pé àwọn ti dé ni. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Bàbá mi máa ń kí igi, wọ́n sì máa ń kí igi kí wọ́n tó kí èmi.

Igi mẹ́ta ni, Lärche sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Iṣẹ́ pápá ni bàbá mi ń ṣe nígbà náà. Nígbà òtútù, wọ́n máa ń kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí pápá gbalasa kan lẹ́yìn ìlú, níbi tí àgùntàn ti ń jẹ̀, kí wọ́n lọ hú àwọn igi tó ń lalẹ̀ hù níbẹ̀, torí bí wọ́n bá fi wọ́n sílẹ̀, pápá náà á di igbó. Lärche pọ̀ nínú wọn. Igi ilẹ̀ òtútù ni, ewé rẹ̀ wínníwínní bí abẹ́rẹ́, nínú igbó ó sì lè ga ju ilé alájà mẹ́fà lọ. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ṣe kòńgẹ́ ọ̀nà àgùntàn, ọdọọdún ni wọ́n á máa já orí rẹ̀ jẹ. Kò ní kú, kò sì ní ga. Ìdí rẹ̀ á máa ki, èèpo rẹ̀ á máa gbó, títí igi tó ti pé ogún ọdún á fi wà nílẹ̀ tí kò ga ju orúnkún ọmọdé lọ. Ọ̀gá wọn, Herr Petersen, àgbàlagbà onírùngbọ̀n funfun, ló sọ fún bàbá mi pé irú igi bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí. Ó ní àwọn ará Japan ní iṣẹ́ ọnà kan tí wọ́n ń pè ní bonsai: èèyàn á gbin igi sínú àwo pẹrẹsẹ, á máa gé e, á máa fi wáyà tọ́ ẹ̀ka rẹ̀ sọ́nà, títí igi kékeré náà á fi dà bí igi ńlá téèyàn rí láti òkèèrè. Wọ́n tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni pápá, bàbá mi sì fi ṣọ́bìrì hú mẹ́ta pẹ̀lú gbòǹgbò wọn, wọ́n fi àpò ìrẹsì wé wọn, wọ́n gbé wọn wọ S-Bahn wálé.

Òfin àwọn igi náà pọ̀ ju ti ilé ìwé mi lọ. Ní ọdún àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gé wọn tàbí kó tẹ̀ wọ́n, kí gbòǹgbò lè kọ́kọ́ fara balẹ̀. Wọn kò gbọ́dọ̀ wọlé, bó ti wù kí òtútù mú tó, torí inú òtútù ni wọ́n ti ń sinmi. Iyẹ̀pẹ̀ lásán kò tẹ́ wọn lọ́rùn, òkúta wẹ́wẹ́ pupa ni wọ́n ń fẹ́, iṣẹ́ tèmi sì ni láti máa jọ òkúta yẹn ní Sátidé, pẹ̀lú asẹ́ tí ìyá mi fi ń jọ gàrí tẹ́lẹ̀. Herr Petersen wá kí wọn lọ́sàn-án Sátidé kan nígbà ìwọ́wé, nígbà tí àwọn abẹ́rẹ́ ewé náà ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú tí wọ́n ti ń jábọ́ sínú bàtà wa. Ó jẹ ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù bàbá mi, omi ń dà lójú rẹ̀, ó ní kò ta. Ó ní kí n máa pe òun ní „du“, ìyẹn „ìwọ“, nítorí náà n kò ní fi „wọ́n“ pè é níbí. Ó gbé igi tirẹ̀ kan wá tó ti wà nínú wáyà fún ọdún kan, ó mú púláyà, ó sì ń gé wáyà náà kúrò ní ègé ègé bí ẹni ń gé ilá. „Immer schneiden,“ ó ní, „nie abwickeln.“ Gígé ni wọ́n ń gé wáyà kúrò lára igi, wọn kì í tú u, torí ẹni tó bá ń tú u ń lọ́ ẹ̀ka náà pẹ̀lú ni, ẹ̀ka á sì ya. Mo tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó fún mi ní ṣokoléètì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí pé mo mọ òfin yẹn.

Ìyá mi kò sí nílé lọ́dún náà. Gbogbo nǹkan yòókù tí mò ń sọ yìí, àyíká ọ̀rọ̀ yẹn ni mò ń rìn. Wọ́n wà ní Berlin, wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ní Altenheim kan, ilé àwọn arúgbó, ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́ta gbáko, wọ́n sì ń gbé yàrá kan ní Kreuzberg pẹ̀lú arábìnrin kan láti ìjọ wa. Hamburg kò fún wọn láyè nígbà tí wọ́n ń wá àyè ẹ̀kọ́ṣẹ́, Ausbildung, Berlin ló fún wọn. Lọ́dún àkọ́kọ́, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni wọ́n ń wálé. Nígbà tó fi di ọdún kẹta, ó ti di oṣù kan, ó tún di oṣù méjì. Wọ́n máa ń pe fóònù ní ọ̀sán Sunday lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n á bi mí bóyá mo ti jẹun, wọ́n á bi mí bóyá mò ń fi òróró pa irun mi, wọ́n á wá ní kí n gbé fóònù fún bàbá mi. Bàbá mi á wọ ilé ìdáná, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Nígbà kan rí, wọ́n máa ń pẹ́ níbẹ̀, mo sì máa ń gbọ́ ẹ̀rín. Lọ́dún yẹn, kí n tó ka ọgọ́rùn-ún tán, wọ́n á ti jáde. Mo máa ń kà á ní tòótọ́, lédè Jámánì, lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo sì kórìíra nọ́ńbà tí mo máa ń dúró sí.

Mo bi bàbá mi nígbà kan pé ìgbà wo gan-an ni màmá mi máa wálé pátápátá. A wà lórí balikóní, ewé ti tán lórí àwọn igi náà. Wọ́n nawọ́ sí èyí tó tóbi jù, wọ́n ní, „Nígbà tí eléyìí bá tún rúwé. Ìdánwò màmá ẹ á ti parí nígbà yẹn.“ Kò yẹ kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ni mò ń lọ wo igi yẹn kí n tó wẹ̀, tí mo bá sì ti ilé ìwé dé, màá tún lọ wò ó pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn mi. Igi kò ṣe nǹkan kan. Mo rò ó lónìí pé bàbá mi kò dá mi lóhùn rárá nígbà náà, ara wọn ni wọ́n ń dá lóhùn.

Màmá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, dé láti Ìjẹ̀bú-Òde nígbà tí òtútù mú jù, lórí físà oṣù mẹ́ta, torí pé Frühschicht, iṣẹ́ ìdájí bàbá mi, máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kò sì sí ẹni tó máa múra fún mi lọ sílé ìwé. Onídìrí ni wọ́n nígbà tí ojú wọn dá, aláṣọ funfun sì ni wọ́n nínú ẹ̀sìn. Wọ́n kó gàrí wá, wọ́n kó ẹ̀gúsí wá, wọ́n kó agogo àdúrà wá nínú ìbọ̀sẹ̀ kan kó má baà máa dún ní pápá ọkọ̀ òfuurufú. Láti ọjọ́ tí wọ́n dé, ohùn ilé wa yí padà. Ìdájí ni agogo máa dún, orin á tẹ̀ lé e, ará ìsàlẹ̀ á sì fi igi ìgbálẹ̀ gbá àjà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Màmá Àgbà á ní, „Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin ará ìsàlẹ̀, Ọlọ́run á gbọ́ tiyín náà.“ Wọ́n ń se ìkókóré pẹ̀lú iṣu ewùrà láti Afro-Shop, òórùn rẹ̀ á kún inú líìfùtì, mo sì máa ń fẹ́ kí n sùn sínú òórùn yẹn. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n dé, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn balikóní, wọ́n bá bàbá mi níbi tí wọ́n ti ń gbọn yìnyín kúrò lórí igi mẹ́ta tí kò ní ewé kankan.

„Bàbá Morẹ́nikẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o.“

„Ẹ ṣé, mà. Ẹ wọlé, mà, òtútù pọ̀ níta.“

„Igi gbígbẹ wo lẹ̀ ń tọ́jú yìí?“

„Kò gbẹ o, mà. Ó ń sùn ni.“

Màmá Àgbà wò mí. „Ṣé lóòótọ́ ló ń sùn?“

„Ja, Oma. Der schläft.“

„Kí lo wí?“

„Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.“

Wọ́n ti ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́. Nígbà tí a wọ ilé ìdáná, wọ́n mi orí, wọ́n ní àìsí ìyàwó nílé ló fa èyí, pé ọkùnrin tí kò bá rí ẹni bá sọ̀rọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bá igi sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ bínú sí wọn, ṣùgbọ́n mo rò pé òótọ́ ni.

Ìparí òtútù ni àsìkò tí wọ́n ń so wáyà mọ́ Lärche, kí ojú ewé tó bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ọdún kan ìsinmi ti pé. Ní Sátidé kan, bàbá mi wọ ìbọ̀wọ́ tí wọ́n ti gé orí ìka rẹ̀ kúrò, wọ́n gbé èyí tó tóbi jù sórí àpótí, èmi sì ń na wáyà fún wọn. Wọ́n kọ́kọ́ fi wáyà tó nípọn yí ìdí igi ká, wọ́n tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, wọ́n dúró, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Igi náà ń dún wíń nínú lọ́hùn-ún. „Ṣé o gbọ́ ọ?“ wọ́n ní. „Tó bá ti dún báyìí, ó ń bẹ̀ wá pé kí a rọra.“ Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lọ títí igi tó dúró ṣánṣán fi dà bí arúgbó igi tí afẹ́fẹ́ etí òkun ti ń tì láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ̀ka ìsàlẹ̀ apá òsì ni wọ́n fi ṣe àṣekágbá. Herr Petersen ti sọ pé ẹ̀ka yẹn ni gbogbo igi náà gbójú lé, pé bí kò bá sí, igi náà á dà bí èèyàn alápá kan. Bàbá mi yí wáyà mọ́ ọn títí dé ṣóńṣó rẹ̀, wọ́n fà á wálẹ̀, wọ́n sì so ó mọ́ etí àwo. Bí wọ́n ti ń so ó lọ́wọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n ní, „Fọlákẹ́, èyí ni tìẹ. Ibí yìí ni wàá ti bá a.“ Fọlákẹ́ ni orúkọ ìyá mi. Ẹ̀bùn ni bàbá mi ń ṣe fún wọn de ọjọ́ tí wọ́n máa wálé. Nígbà tí mo gbé ojú sókè, Màmá Àgbà wà lẹ́yìn gíláàsì ilẹ̀kùn tó ṣí díẹ̀, wọ́n mú ife tíì kan dání tí wọn kò mu.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, fóònù dún. Màmá Àgbà ló gbé e. Mo gbọ́ tí wọ́n ní, „Ẹn-ẹ́n. Ẹn-ẹ́n. Títí láé kẹ̀?“ wọ́n sì jókòó. Altenheim tí ìyá mi ti ń kọ́ṣẹ́ ti fún wọn ní ìwé iṣẹ́. Bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, lẹ́yìn ìdánwò, Berlin ni wọ́n máa wà. Wọ́n fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan láti rò ó. Bàbá mi gba fóònù, wọ́n wọ ilé ìdáná, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Nígbà tí mo dé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n jáde, wọ́n lọ sórí balikóní láìwọ kóòtù.

Ìsinmi ilé ìwé ni ọ̀sẹ̀ yẹn. Ní àárọ̀ Monday, bàbá mi ti lọ síbi iṣẹ́, Màmá Àgbà pè mí sórí àga, wọ́n di ọwọ́ mi méjèèjì mú.

„Orúkọ ta ni bàbá ẹ pè nígbà tí wọ́n ń so igi yẹn?“

„Ti màmá mi.“

„Ẹ̀ẹ̀melòó?“

„Ẹ̀ẹ̀kan, mà.“

„Ṣé wọ́n ti so ó tán kí wọ́n tó pè é ni, àbí wọ́n ń so ó lọ́wọ́?“

Mo rò ó dáadáa, torí mo rí i pé ìdáhùn mi máa ṣe nǹkan. „Wọ́n ń so ó lọ́wọ́.“

Màmá Àgbà mí kanlẹ̀. „Mi ò sọ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ o. Mi ò ní gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ bẹ́ẹ̀. Èèyàn rere ni bàbá ẹ. Ṣùgbọ́n èèyàn lè fi ìfẹ́ de ẹlòmíì mọ́lẹ̀ kó má mọ̀. A á tú u.“

Mo mọ̀ pé ó yé ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sílé ju bí ó ti yé mi lọ nígbà náà. Nínú ìjọ Màmá Àgbà, kí èèyàn máa yí okùn mọ́ nǹkan, kó tún máa pe orúkọ ènìyàn sí i, kò ní orúkọ méjì. Wọ́n wọ sùtánà wọn, wọ́n bọ́ bàtà, mo sì bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà láti wọ ìbọ̀sẹ̀ bàbá mi, torí ilẹ̀ balikóní ti di yìnyín. Wọ́n mú agogo, wọ́n mú omi àdúrà nínú ìgò Fanta. Èmi mú ìtàkùn wáyà tí wọ́n ń tú sílẹ̀. „Gbogbo ìdè tó so Fọlákẹ́ ọmọ mi mọ́ ibi tí kò yẹ, tú!“ wọ́n ní. Èmi ní, „Àmín.“ Ọwọ́ wọn yá. Bí irun dídì tí wọ́n ti ń tú láti ìgbà èwe wọn ni wọ́n ṣe ń tú u, ìka wọn ń wá ibi tí wáyà pin sí láìsí pé ojú wọn rí i. Ìdí igi tú, ẹ̀ka òkè tú, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, inú mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Púláyà tí Herr Petersen fi sílẹ̀ fún wa wà lórí etí fèrèsé, ibi tí ọwọ́ mi dé. Mo wò ó. Bí mo bá la ẹnu mi pé „Màmá, gígé ni wọ́n ń gé e,“ wọ́n á gé e. Mi ò la ẹnu. Mo ń rò ó lọ́kàn ọmọdé mi pé bóyá ohun tí wọ́n gé kò tíì tú, bóyá títú gan-an ló máa mú màmá mi wálé. Ká má parọ́, mo mọ̀ pé ẹ̀ka náà lè ya. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìyá mi ni mo fẹ́, mi ò fẹ́ igi.

Ó dún kà. Ohùn kékeré ni. Ẹ̀ka ìsàlẹ̀ apá òsì fi ara kọ́ èèpo tẹ́ẹ́rẹ́ kan, oje igi ń yọ níbi tó ti ya, òórùn rẹ̀ dùn bí ọṣẹ. Màmá Àgbà ní, „Ẹ̀jẹ̀ Jésù.“ Wọ́n ya etí aṣọ funfun kan, wọ́n fi di ẹ̀ka náà mọ́ra bí ẹni di apá ọmọ tó ṣẹ́. Àwa méjèèjì wọlé, a jókòó ti Heizung. Màmá Àgbà ń fẹ́ èémí gbígbóná sí ìka wọn, òtútù ti wọ̀ wọ́n dé eegun.

Bàbá mi dé lọ́sàn-án. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún Màmá Àgbà bí wọ́n ti máa ń ṣe, pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀, wọ́n ní „Ẹ káàsán, mà,“ wọ́n kọjá sórí balikóní. Mo ń retí ikọ́ wọn. Ikọ́ kò dún. Mo tún retí. Nígbà tí wọ́n wọlé, wọ́n rọra ti ilẹ̀kùn, ojú wọn ti pọ́n.

„Afẹ́fẹ́ jà lónìí, àbí?“ wọ́n ní.

Ọ̀nà àbáyọ ni wọ́n ń fún wa, mo mọ̀ ọ́n lónìí. Màmá Àgbà kò gbà á.

„Afẹ́fẹ́ ò jà. Èmi ni mo tú u. Mo rí yín tí ẹ ń so ó, mo gbọ́ orúkọ ọmọ mi lẹ́nu yín. Fọlákẹ́ sì ní òun ò bọ̀ wálé mọ́. Kí ni kí n rò?“

 Bàbá mi jókòó sílẹ̀, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri. „Mà,“ wọ́n ní, „bí mo bá mọ ohun tó so ó mọ́ Berlin, ṣé ibí lẹ máa bá mi? Èmi ni ì bá kọ́kọ́ tú u. Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni ǹ bá fi tú u, mà.“ Ohùn wọn já. Mi ò tíì rí kí bàbá mi sunkún rí, mi ò sì mọ ibi tí mo lè kọjú sí. Mo fẹ́ sọ pé èmi mọ òfin, pé èmi ni mo ṣẹ́ ẹ̀ka náà. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi, ó sì wà níbẹ̀ fún ọdún tó ju ogún lọ.

Màmá Àgbà dìde. Wọ́n bu ìkókóré sínú àwo, wọ́n gbé e dání, wọ́n dúró níwájú bàbá mi. „Kí ni oríkì yín?“ wọ́n béèrè.

„Àkànní, mà.“

„Àkànní. Dìde, ọmọ mi, wá jẹun.“

Ọjọ́ yẹn ni wọ́n dẹ́kun láti máa fi „ẹ“ bá bàbá mi sọ̀rọ̀, inú bàbá mi sì dùn sí i títí ayé wọn. Nírọ̀lẹ́, bàbá mi gbé fóònù, wọ́n wọ ilé ìdáná, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mo jókòó síbi tí mo máa ń jókòó sí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mo ka ọgọ́rùn-ún, mo ka igba. Nígbà tí mo fi kà kọjá ẹgbẹ̀ta, orí mi ti tẹ̀ sórí eékún.

Lọ́jọ́ kejì, kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, mo gbọ́ tí líìfùtì kérora, tó dúró ní àjà wa. Ìyá mi ló wọlé, imú wọn pọ́n, wọn kò mú ju báàgì ọwọ́ lọ. Wọ́n dì mọ́ mi títí mi ò fi lè mí dáadáa. Wọ́n kúnlẹ̀ kí Màmá Àgbà, wọ́n sì kọjá sórí balikóní níbi tí bàbá mi wà, torí wọn kò lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Èmi àti Màmá Àgbà ń wò wọ́n láti inú gíláàsì. Ìyá mi fọwọ́ kan aṣọ funfun tó wà lára igi, wọ́n sọ nǹkan kan, bàbá mi mi orí. Màmá Àgbà wò mí, wọ́n gbé ìpéǹpéjú wọn sókè.  Ó ti ṣiṣẹ́.

Ìyá mi padà sí Berlin lọ ṣe ìdánwò, ṣùgbọ́n wọn kò fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ náà. Nígbà tí igi yẹn rúwé, tí ìdì ewé tútù kéékèèké yọ lára rẹ̀ láti òkè délẹ̀, wọ́n ti wà nílé, wọ́n ti rí iṣẹ́ ní Altenheim kan ní òdìkejì Elbe. Físà Màmá Àgbà ti pé, wọ́n ti padà sí Ìjẹ̀bú-Òde, wọn kò sì rí físà mìíràn gbà mọ́ láéláé. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè wọ́n ni wọ́n máa ń béèrè pé, „Igi yẹn ńkọ́?“ Màá ní ó wà, mà. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Berlin ni mo wà nígbà tí wọ́n kú, mi ò sì rí wọn sin. Àárò wọn máa ń sọ mí nínú líìfùtì, ní ilé ẹni ẹlẹ́ni, tí mi ò bá gbọ́ òórùn kankan nínú rẹ̀.

Bàbá mi náà ti lọ báyìí. Ìyá mi ló ní kí n wá gbé igi náà, torí ọwọ́ wọn ò ká a mọ́, mo sì ti Tempelhof ní Berlin, ibi tí mò ń gbé, wá gbé e. Níbi tí ẹ̀ka apá òsì ti ya, bàbá mi ti bó èèpo rẹ̀, wọ́n ti jẹ́ kó gbẹ, ó ti funfun. Bí a ti ń dúró de líìfùtì, èmi gbé igi, ìyá mi di ilẹ̀kùn mú, mo jẹ́wọ́ fún wọn. Mo ní mo mọ̀ pé kò yẹ kí wọ́n tú u, pé púláyà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

„Bàbá ẹ mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n,“ ìyá mi ní. „Òun ló sọ fún mi. Ó ní kí n má bi ẹ́.“

Mo gbé igi náà sílẹ̀. Mo ní, „Kí ni wọ́n sọ fún yín lórí fóònù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mà?“

Wọ́n fọwọ́ kan ibi tó funfun lára igi náà. „Ìwé yẹn wà níwájú mi, bíírò wà lọ́wọ́ mi. Láti ọdún méjì ni bàbá ẹ ti ń pè mí pé máa bọ̀, máa bọ̀, máa bọ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ẹsẹ̀ mi ń wúwo. Ọjọ́ yẹn, ó ní, ‚Fọlákẹ́, màmá ẹ ti tú ẹ sílẹ̀ o. Mo ti rí i, o ti tú pátápátá. Bó bá wù ẹ́, dúró síbẹ̀. Bó bá wù ẹ́, máa bọ̀.‘ Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi sunkún. Òun náà sunkún. Kò sọ fún mi rí pé mo lè dúró.“ Líìfùtì dé, ó kérora, ó ṣílẹ̀kùn. „Ọkọ̀ ojú irin tó kọ́kọ́ lọ láàárọ̀ ni mo wọ̀.“

Mo gbé igi náà wọ ọkọ̀ padà sí Berlin, lórí itan mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ní Tempelhof, mo ṣí ilẹ̀kùn balikóní mi, mo dúró níwájú rẹ̀, mo sì wúkọ́.